Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Etí Mi Lọ Sídìí Omi Gbígbóná

Ibà ló dá mi dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara mi máa yá, etí mi ò bá a yá. Níbẹ̀rẹ̀, ó dà bí ẹni pé wọ́n ki òwú bọ̀ mí létí. Mò ń gbọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ìdí odi ni. Bẹ́ẹ̀ ló ń dínkù títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí àkùkọ lórí ògiri ilé wa ní Ṣakí. Ó na ọrùn, ó gbọn ìyẹ́, ó la ẹnu gbàgà. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi kọ lẹ́ẹ̀kejì, mo sì mọ̀ pé ó ti tán.

Olùkọ́ Yorùbá ni mí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá wa ní sùúrù fún mi, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí kò gbọ́ ohun tí ọmọ fi dá a lóhùn, kí ni yóò máa kọ́ ọmọ? Wọ́n gbé mi lọ sí yàrá tí à ń kó ìwé sí. Ibẹ̀ ni mo ti ń to ìwé, tí mò ń gbọn eruku.

Àwọn èèyàn rò pé ètè ni adití fi ń mọ ọ̀rọ̀. Bóyá ó rọrùn ní èdè ẹlòmíràn. Ní tiwa, ohùn ló ni ọ̀rọ̀, ohùn kì í sì í hàn lára ètè. Ọkọ tí mo fẹ́, ọkọ̀ tó ń wà, ọkọ́ tó fi ń kọ ebè, bákan náà ni ẹnu ń rí bí a bá ń pè wọ́n. Ìkíni nìkan ni kò nira fún mi, torí ìkíni ní ètò tirẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti yanu láàárọ̀, mo mọ ohun tó kàn.

Ìbejì ni mo bí, ọ̀kan obìnrin, ọ̀kan ọkùnrin. Èyí ọkùnrin ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù fún mi. Èyí obìnrin ló rántí dò-re-mí tí mo kọ́ wọn ní kíláàsì: bó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sókè, á wá sáàárín, á tún wálẹ̀, mo sì ń gbọ́ ọ, bí a bá lè pe ìyẹn ní gbígbọ́. Àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ ló wà ní Ìbàdàn, ìgbà ìsinmi nìkan ló ń wálé. Bàbá wọn ní tirẹ̀ ń pariwo. Mo máa ń rí iṣan ọrùn rẹ̀ tó yọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ìgbà ìsinmi, ọyẹ́ mú gan-an. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń wa ọkọ̀. Mo bi í pé níbo. "Omi" ni mo rí lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló wá là á yé mi, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀.

"Omi gbígbóná kan ń sun nínú igbó, ó kọjá Ìgbòho. Màmá àgbà ló gbọ́ nípa rẹ̀. Àwọn náà máa bá wa lọ. A máa jẹun níbẹ̀, a ó sì tètè padà."

Inú mi dùn. Ó pẹ́ tí gbogbo wa ti jọ jáde. Mo dín dùndú, mo fi ata díndín sínú ike, mo rọ omi sínú jálá, mo sì wọ aṣọ tí mo fẹ́ràn.

Ní Ìgbòho, ìyá ọkọ mi ti jókòó síta, wọ́n ń retí wa. Ìborùn wọn mọ́, wọ́n sì di igbá kékeré kan tó ṣì tuntun sínú gèlè, wọ́n gbé e dání bí ẹyin. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi, wọ́n sì mú ọwọ́ náà dúró síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Nínú ọkọ̀, àárín ni mo jókòó sí, Ìyá lọ́tùn-ún, ọmọ mi obìnrin lósì, ọmọ mi ọkùnrin níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Ọkọ mi sọ nǹkan kan níwájú, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín. Ó ti mọ́ mi lára. Ẹ̀rín tèmi máa ń kẹ́yìn díẹ̀ ni. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọmọ mi, mo ní, "Kí ló sọ?"

"Màá sọ fún yín tó bá yá, Mọ́mì."

Tó bá yá kì í yá. Mo yíjú sí ojú fèrèsé. Iná ti jó pápá kọjá, ilẹ̀ dúdú lọ rẹrẹ, igi òrí àti igi irúgbá nìkan ló dúró. Lórí àpáta pẹrẹsẹ kan, àwọn obìnrin kan ń sá pákí. Ẹnu wọn ò sinmi bí wọ́n ti ń tẹ́ ẹ. Mo ń wò wọ́n títí wọ́n fi di eruku pupa lẹ́yìn wa.

Ọ̀nà parí ní abúlé kékeré kan. Bàbá àgbẹ̀ kan jáde sí wa, àwọn ni yóò mú wa débẹ̀. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kí n tó lè ṣe nǹkan kan, ọkọ mi fọwọ́ kan etí ara rẹ̀, ó mi orí. Ojú bàbá náà yí padà. Mo mọ ìyípadà yẹn dáadáa. Wọn ò burú sí mi o. Wọ́n kàn káàánú mi, wọ́n sì gbé ojú kúrò lára mi. Wọn ò tún wò mí mọ́ títí a fi dé ìdí omi.

Láàárín àpáta ńlá méjì ni omi náà ti ń sun. Kò tóbi, kò ju àyè tí àgbà márùn-ún lè jókòó sí lọ, ṣùgbọ́n ó mọ́ débi pé èèyàn ń rí òkúta ìsàlẹ̀. Nítorí òtútù ọyẹ́, èéfín funfun ń gbéra lójú rẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí omi tí a gbé kalẹ̀ fún ọmọ tuntun. Mo wo ibi tó ti ń tú jáde lójú àpáta, tó ń hó kùṣù kùṣù, mo sì gbìyànjú láti rántí bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń dún. Mo rántí òjò lórí páànù. Mo rántí omi ẹ̀rọ nínú garawa. Èyí tó wà níwájú mi gan-an, n kò rí ohùn fi sí i.

A jẹun. Àwọn ọmọ ya fọ́tò. Ọkọ mi gun orí àpáta, ó na ọwọ́ sí ọ̀nà jíjìn, ó ń ṣàlàyé nǹkan fún bàbá àgbẹ̀. Ìyá nìkan ni kò jẹ ju ègé dùndú kan lọ. Wọ́n ń wò mí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú gèlè, wọ́n mú igbá jáde, wọ́n sì bu omi láti ẹnu orísun gan-an, níbi tó ti gbóná jù. Wọ́n fọwọ́ pè mí. Mo rò pé ojú ni wọ́n fẹ́ bọ́ fún mi, mo kúnlẹ̀. Wọ́n fa orí mi sórí itan wọn. "Bìsìmílà," mo rí i lẹ́nu wọn, wọ́n sì da omi sí etí ọ̀tún mi.

Mo ta gìrì. Ọkọ mi ti wà lẹ́yìn mi, ó di èjìká mi mú. Ọmọ mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó ń gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè sódò.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ má bínú. Wọ́n ní ó ń la etí. Ẹnìkan ní Ìgbòho, wọ́n ní ó ti padà ń gbọ́ràn."

N kò bínú. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé gbogbo wọn ló mọ̀. Wọ́n ti jókòó sọ ọ́, wọ́n ti gbìmọ̀ rẹ̀, bóyá níwájú mi gan-an, níbi tí mo ti ń gé iṣu. Etí mi ni, èmi nìkan ni wọn ò fi tó létí.

Wọ́n gbé mi dìde. Omi ń ṣàn lọ́rùn mi wọ inú aṣọ. Wọ́n tò síwájú mi: ọkọ mi, ìyá rẹ̀, ọmọ mi obìnrin, bàbá àgbẹ̀. N kò rí ọmọ mi ọkùnrin. Mo wá rí i pé ojú gbogbo wọn kọjá èjìká mi, ó sì padà wá sójú mi kíákíá. Bàbá àgbẹ̀ ṣẹ́jú, ara wọn ta díẹ̀. Mo mọ̀ nígbà náà pé ẹnìkan ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn mi, àtẹ́wọ́ náà sì le.

Kò sí ohun tó rọrùn tó kí n yí ọrùn. Ojú wọn ti sọ ìgbà tó yẹ kí n yí i fún mi. Ìyá ti ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà. Mo lè fún wọn ní ayọ̀ yẹn, ká fi ijó padà sínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́la ńkọ́? Bí wọ́n bá pè mí láti ẹ̀yìn lọ́la ńkọ́?

Mo ní, "Ẹ má da ara yín láàmú. N kò gbọ́ nǹkan kan."

Bí ọmọ mi ṣe ṣẹ́jú, mo mọ̀ pé mo ti pariwo jù.

Ìyá ò gbà. Wọ́n da ti òsì, wọ́n tún da ti ọ̀tún. Ojú tún kọjá èjìká mi, ó tún padà. Mo mi orí. Ọmọ mi ọkùnrin wá jáde láti ẹ̀yìn mi, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n. Ọkọ mi rìn lọ sí ìdí àpáta kejì, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Èjìká rẹ̀ ń mì. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ló ń sun tàbí ikọ́ ló ń wú, torí ojú rẹ̀ nìkan ni mo lè fi mọ̀, kò sì yíjú.

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Ìyá jókòó sétí omi, wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n fa ìró mi kí n jókòó tì wọ́n. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Omi ni wọ́n kọjú sí, ẹ̀gbẹ́ ètè wọn nìkan ni mò ń rí. Kì í ṣe àdúrà, wọn ò ṣí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n fi etí ìró nu imú, ìgbà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ọkọ, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ gígùn tó báyìí rí.

"Ìyá, èmi lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ ni?"

Wọn ò yíjú. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó yé mi pé wọ́n mọ̀ pé n kò gbọ́. Bóyá nítorí ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe lè sọ ọ́. Mo jókòó, mo ń wo èéfín. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fọwọ́ gbá itan mi lẹ́ẹ̀kan, a sì dìde.

Nígbà tí à ń padà, kò sẹ́ni tó yanu. Mo rò pé ìyẹn á tù mí lára, pé ó kéré tán, inú ìdákẹ́ kan náà ni a jọ wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tiwọn, wọ́n lè jáde kúrò nínú rẹ̀ nígbà tó bá wù wọ́n. Kí a tó dé Ìgbòho, ọmọkùnrin mi ti fi nǹkan kan han arábìnrin rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí i, mo sì tún dá wà.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé. Mo yọjú, mo rí ọkọ mi láàárín àwọn aládùúgbò wa lábẹ́ igi máńgòrò. Ó fi apá méjèèjì ṣàpèjúwe bí àpáta ṣe tóbi tó. Ó da ọwọ́ délẹ̀, bí ẹni tó ń da omi. Ọ̀kan nínú wọn mi orí, wọ́n sì jọ wo ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí wọ́n rí i pé mò ń wò wọ́n, gbogbo wọn gbé ọwọ́ sókè, wọ́n kí mi tẹ̀rín tẹ̀rín. Mo kí wọn padà, mo sì padà sídìí abọ́.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún mú mi lọ síbì kankan nítorí etí. Ọmọ mi obìnrin padà sí Ìbàdàn. Ọkọ mi ti dín ariwo kù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ti bá ariwo lọ. Bó bá ti fọwọ́ nàka sí nǹkan tó fẹ́, ó tó.

Nígbà tí òjò dé, mo dá gun ọ̀kadà, ó di Ìgbòho. Ìyá ń yan àgbàdo. Lẹ́yìn tí a kíra tán, mo bi wọ́n léèrè.

"Ìyá, lọ́jọ́ tí a lọ sídìí omi, kí lẹ sọ fún mi?"

Wọ́n yí àgbàdo tó wà lórí iná. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọjú sí mi dáadáa, wọ́n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ètè wọn là á yé mi yékéyéké.

"Mo ti gbàgbé."

N kò gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n sì mọ̀ pé n kò gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n fi igi tọ́ iná, wọ́n mú àgbàdo kan tó ti jiná, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí méjì, wọ́n na ìdajì sí mi. A jókòó lẹ́nu ọ̀nà, à ń jẹ ẹ́, à ń wo òjò bó ti ń ṣú bọ̀.