Òṣùwọ̀n Tí Àbúrò Mi Fẹnu Sọ

Àbúrò mi, télọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Wọ̀n-ọ́n-wò, kì í gba òṣùwọ̀n lẹ́nu oníbàárà. Bí o búra pé o mọ ìbàdí ara rẹ, á ní kí o dúró dáadáa, kí o má fa ikùn sínú, á sì fi téèpù yí ọ ká. Ó ní kò sẹ́ni tí kì í purọ́ fún télọ̀.

Ọdún mẹ́fà ni àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra. Lọ́dún tó kọjá, ó kàn dákẹ́. Á jókòó ti máṣíìnì, kò ní tẹ̀ ẹ́. Èmi ọlọ́gbọ́n orí òfo ní àìsàn ló ń dà á láàmú.

Nígbà tí mo sìn ín lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì mú ìwé ìbéèrè jáde, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ti wọ ènìyàn lọ́kàn.

“Bàbá, ṣé ó máa ń rẹ̀ yín?”

“Àtọ̀gbẹ ni.”

“Oorun ńkọ́?”

“Ìtọ̀ ò jẹ́ kí n sùn. Àtọ̀gbẹ náà ni.”

“Oúnjẹ ńkọ́?”

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n dín in kù!”

Mo rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ò rín. Ó gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ̀yin lẹ rán yúnífọ́ọ̀mù tí mo wọ̀ yìí. Mo sọ ìbàdí mi fún yín, ẹ ò gbà. Èmi náà ò gba tiyín. Ẹ jẹ́ ká fi àtọ̀gbẹ sílẹ̀ ná. Aṣọ wo lẹ rán kẹ́yìn tí inú yín dùn sí?”

Àbúrò mi wo ojú rírán yúnífọ́ọ̀mù náà.

“N ò rántí,” ló wí. Ló bá sọ ohun tó já mi láyà: “Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti pa abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ tì. Mo fẹ́ kó parí ni.”

Ilé kan náà la jọ ń gbé o! N ò mọ̀.

Wọn ò jẹ́ kó padà sílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń tọ́jú ara, wọ́n ń tọ́jú ọkàn. Nígbà tó padà délé, èmi ni mo di ọ̀gá abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, n ò jẹ́ kó pa á tì mọ́. Kò yá bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì wá rán yúnífọ́ọ̀mù mìíràn. Ó ní ìbàdí òun ṣì jẹ́ ogójì ínṣì.

Àbúrò mi fa téèpù yọ.

“Mẹ́rìnlélógójì!”

Ló bá bú sẹ́rìn-ín, tí èjìká rẹ̀ ń mì. Nọ́ọ̀sì náà rín. Èmi ni mo sunkún. Títí ayé ni n ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tí kò gba òṣùwọ̀n lẹ́nu àbúrò mi.