Orúkọ Ọmọ Wa Ni Kí Ẹ Fi Pè Wá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Mafoluku, kò sí ẹni tí mo kórìíra tó ọmọkùnrin kan tí kò tíì lè rìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹ̀yìn ìyá mi ló wà! Ìyá mi ń bá tọkọtaya kan tọ́mọ ní Ire-Akari, nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ra mọ́tò àti tẹlifíṣọ̀n, tí gbogbo ilé sì ń wá ọmọ ọ̀dọ̀. Ibẹ̀ ló ń sùn. Bàbá mi ti wáṣẹ́ lọ sí òkè ọya, a ò gbúròó rẹ̀, iṣẹ́ ìyá mi yìí la fi ń jẹun. Èmi àti ìyá bàbá mi la jọ wà nínú yàrá kan tí a háyà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ìyá mi máa ń wá wò mí, bí ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ bá fún un láyè. Bí kò bá fún un láyè ńkọ́? Ó di oṣù mìíràn nìyẹn.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti orúkọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé orúkọ ọmọ ẹni la fi ń pe obìnrin tó ti bímọ nílẹ̀ wa. Èmi ni àkọ́bí ìyá mi. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọmọ ọlọ́mọ ló ń pọ̀n kiri láti àárọ̀ dalẹ́, orúkọ ọmọ yẹn ni aláta, ẹlẹ́ran àti ọlọ́dẹ ní Ire-Akari fi ń pè é: Ìyá Lágbájá. Ó sì ń jẹ́ wọn! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ, mi ò lè jẹun. Ṣé èmi ti kú ni?

Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ilé ńlá Ire-Akari máa ń pàdé nídìí ẹ̀rọ omi láràárọ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, kúùkù ni, ẹnu rẹ̀ sì mú. Òun ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ làwọn ń ṣe, àwọn kì í ṣe ìwọ̀fà. Ó ní kí àwọn ọ̀gá máa jẹ́ kí àwọn lọ sílé ní gbogbo Sọ́ńdè, kí wọ́n sì máa fi orúkọ ọmọ tí àwọn bí pe àwọn. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n lọ sọ fún àwọn ìyàwó ọ̀gá. Ṣìọ̀! Ẹ̀rín ni àwọn yẹn fi wọ́n rín. Wọ́n ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó máa lọ, ẹni tó ń wáṣẹ́ kún Òṣòdì. Ni àwọn obìnrin náà bá fẹnu kò pé tó bá di Mọ́ńdè, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan iṣẹ́.

Mọ́ńdè dé, ìgbà ọlidé ilé ìwé sì ni. Ìyá bàbá mi din àkàrà, ó mú mi dání, a fẹsẹ̀ rìn gba Òṣòdì títí a fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n jókòó lọ rẹrẹẹrẹ lẹ́bàá géètì ilé ọ̀gá ìyá mi. Ẹ̀rù ń bà wọ́n o, nítorí wọ́n lè pàdánù iṣẹ́ wọn kílẹ̀ tó ṣú. Tèmi ni pé ìyá mi wà níta, kò sí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Inú mi dùn, mo fara tì í.

Ni ọmọ yẹn bá bú sẹ́kún nínú ilé. Ó ké, ó ké, kò dákẹ́. Ìyá mi dìde.

Ó ní, "Ebi ló ń pa á."

Mo di ìró rẹ̀ mú. "Màámi, ebi ń pa èmi náà!"

Irọ́ ni, àkàrà ṣì wà lẹ́nu mi. Kúùkù ló gbà mí. Ó kọjú sí ìyá mi, ó ní, "Ìwọ, jókòó o. Tí o bá wọlé báyìí, gbogbo wa ti wọlé nìyẹn."

Ìyá mi jókòó, ṣùgbọ́n omijé ń dà lójú rẹ̀. Ta ló ń tìtorí ẹ̀ sunkún? Kò sunkún bẹ́ẹ̀ rí lọ́jọ́ tó bá ń fi mí sílẹ̀.

Lọ́sàn-án, ìyàwó ọ̀gá jáde. Aṣọ ọ́fíìsì ló wọ̀, kò rí ọ́fíìsì lọ, ọmọ sì ti tọ̀ sí i lára. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá pe ìyá mi ní Ìyá, ó fi orúkọ mi tì í. Ó tún ní, "Ẹ jọ̀ọ́." Òun tó máa ń pàṣẹ fún un bí ọmọdé! Ó ní òun gbà, àti Sọ́ńdè, àti orúkọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn yòókù náà ti gbà, àfi ọ̀gá tí kúùkù ń bá ṣiṣẹ́, tó ju ẹrù rẹ̀ síta fún un.

Ìyá mi wá ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Ó wẹ̀ fún mi, ó mú mi jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń dirun fún mi. Gbogbo ará ilé ń fi orúkọ mi kí i, orí mi ń wú. Mo mira díẹ̀. Ó ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, ó sì pè mí ní orúkọ ọmọ yẹn. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun pè é. Ó ń dirun lọ.

Ayé ti yí padà. Mo ń gbọ́ pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilé báyìí máa ń bá ọ̀gá wọn ṣàdéhùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní ọjọ́ ìsinmi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi ló kọ́kọ́ jìyà ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n dárí ji ọmọ yẹn, bó tilẹ̀ ti hu ewú bíi tèmi. Ìyá mi jà, ó gba Sọ́ńdè fún mi. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, ọmọ yẹn ló ni ín.