Pátákó Ọrùn Tíṣà Wa

Títí di òní, bí agogo ilé ẹ̀kọ́ bá dún, ọrùn ara mi ni mo kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn.

Ní Ìdànrè, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, pátákó kan wà tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì. Onítọ̀hún á wá máa ṣọ́ ẹlòmíì tó máa ṣèèṣì sọ ọ́, kó lè gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹni tí agogo ìparí bá bá a lọ́rùn rẹ̀, ẹgba mẹ́fà.

Tíṣà wa obìnrin kì í nà wá ní tiẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá há wa lọ́fun, á bẹ̀rẹ̀, á fi Yorùbá sọ sí wa létí: "Sọ ọ́ bí ìyá rẹ ṣe ń sọ ọ́ ná. A ó jọ gbé e dé Gẹ̀ẹ́sì."

Lọ́jọ́ kan tí pátákó wà lọ́rùn mi, tí agogo ti fẹ́ dún, ó tún sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó jókòó tì mí. Ẹ̀rù ẹgba ò jẹ́ kí n ronú. Mo pariwo: "Ẹ ti sọ Yorùbá, mà!"

Tíṣà wò mí, ó bọ́ pátákó náà lọ́rùn mi, ó gbé e kọ́ tirẹ̀. Agogo dún.

Hẹdimásítà wọlé pẹ̀lú pàṣán, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè ẹni tí ẹgba kàn. Tíṣà na àtẹ́lẹwọ́ sí i.

"Háà! Kí lẹ ń ṣe yìí?" Yorùbá ló bọ́ lẹ́nu hẹdimásítà.

Tíṣà kúnlẹ̀. Ó bọ́ pátákó náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.