Àmín Tí Màmá Mi Ṣe Sínú Rẹ́kọ́ọ̀dù

Ní ọdún tí a gba òmìnira, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Aládùúrà wa, tí èmi àti Màmá mi wà nínú rẹ̀, wọkọ̀ láti Ọ̀rẹ̀ lọ gba orin sínú rẹ́kọ́ọ̀dù n'Ìbàdàn. Títí láé ni n óò máa rántí ọjọ́ náà.

A bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà bí ìgbà tí a bá ń wọ ilé àdúrà. A kọrin títí, à ń ṣàṣìṣe. Ọ̀gá tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún yín, ẹgbẹ́ mìíràn ń dúró lóde. Bí orin bá parí, kí ẹnikẹ́ni má fọhùn títí iná pupa tó ń fi hàn pé ẹ̀rọ ń gba ohùn yóò fi kú."

A tún un kọ. Orin náà dùn wọra. Olórí wa fi ohùn jẹ́jẹ́ kádìí rẹ̀: "Ilẹ̀ wa á tòrò o."

"Àmín o!"

Màmá mi ni! Omijé lé ròrò sójú Màmá. Ó ní, "Ẹ má bínú sà. A ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ àdúrà kí wọ́n panu mọ́."

Ọ̀gá náà tún orin náà gbọ́, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Mà. Ó bá orin mu."

Nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù náà jáde, wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀ níṣojú èmi àti Màmá. Bí ó ṣe parí, awakọ̀ Mùsùlùmí kan tó ń ṣe àlùwàlá gbé kẹ́tùlù sílẹ̀, ó ké "Àmín o!" Gbogbo gáréèjì sì gbà á.

Màmá yíjú sí mi. "Ṣé o rí i? Èmi nìkan kọ́."