Agbárí Tí A Hú Lẹ́yìn Ilé Wa

Bàbá mi kì í pe orúkọ mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, "Yeye mi" ló ń pè mí, nítorí pé ìyá tó bí i kú nígbà tó ṣì ń rákò, wọ́n sì ní èmi ni ìyá náà tó padà wá sáyé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Arámọ̀kọ kò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi, tó máa ń ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Bó bá tilẹ̀ fẹ́ bá mi wí, ẹ̀bẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀: "Yeye mi, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n abọ́ yìí kò mọ́." Mo gbádùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mélòó ni ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń bẹ̀ kó tó fọ abọ́?

Ìpínlẹ̀ Oǹdó la ṣì wà nígbà tí mò ń sọ yìí, mo sì wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́. Ọdún kìíní náà, eegun ni wọ́n ń kọ́ wa. Wọ́n fi wáyà so eegun odidi ènìyàn kan kọ́ síwájú kíláàsì, àwa sì sọ ọ́ ní Bùrọ̀dá. Mo mọ Bùrọ̀dá láti àtàrí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo mọ eegun iwájú orí, eegun méjì tó pàdé ní àtàrí, eegun ìpàkọ́ àti ti ẹ̀bátí, àti bí gbogbo wọn ṣe wọnú ara wọn bí eyín ayùn. Nígbà tí mo dé ilé fún họlidé, ẹnu mi ò dákẹ́. Bí wọ́n bá bu ẹran fún mi, mà á kọ́kọ́ dárúkọ eegun rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ń bá wa gbé, ní kí n yáa jẹ ẹran mi kó tó tutù.

Họlidé yẹn náà ni bàbá mi fẹ́ kọ́ yàrá méjì kún ẹ̀yìn ilé. Kí àwọn lébìrà tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, ó ti sọ fún wọn pé òkú méjì wà ní ẹ̀yìnkùlé náà: ìyá òun, àti àbúrò bàbá òun, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó. Àìsàn kan náà ló pa wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn kan náà. Àgbà ni wọ́n ń sin sínú yàrá nílé wa nígbà náà, ẹ̀yìnkùlé ni ti ọ̀dọ́. Wọ́n gbin pèrègún sórí ibojì ìyá kí a lè dá a mọ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe ọgbà yí balùwẹ̀ ká, ẹnì kan gé lára pèrègún náà, ó fi í ṣe ọgbà. Ẹlòmíràn gé lára ìyẹn, ó fi ti ààlà. Nígbà tí èmi fi dáyé, gbogbo ẹ̀yìnkùlé ti di pèrègún.

Bàbá mi ti ya sìmẹ́ńtì sọ́tọ̀ fún ibojì ìyá rẹ̀. Kò mọ ojú rẹ̀, kò ní fọ́tò rẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kó mọ ibi tó sùn sí kí òun náà tó kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a gbọ́ igbe, lébìrà kan sì fò jáde nínú kòtò. Nígbà tí a débẹ̀, ọkọ́ ti fọ́ eegun ìbàdí yángá, bẹ́ẹ̀ ìbàdí gan-an ni ìwé wa ní a fi ń dá obìnrin mọ̀ dájú. Agbárí nìkan ló kù tó pé, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú fún yẹ̀pẹ̀. Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó sì nà án sí mi.

"Yeye mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ ùwé eegun. Ẹ wò ó fún mi. Ṣé yeye mi nìyí?"

Orí mi dàrú. Ìyá rẹ̀ ló ń bi léèrè bóyá ìyá rẹ̀ nìyí. Bí èmi bá ni ìyá náà lóòótọ́, orí ta ni mo wá gbé dání?

Mo wò ó. Ojú ibi tí àwọn eegun ti pàdé ní àtàrí kò tíì dí, èyí tó fi hàn pé kò dàgbà kó tó kú. Ta ni ìyẹn yà sọ́tọ̀ nínú àwọn méjèèjì? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Yeye ria léjí, wo eyín ẹ̀." Àwọn eyín iwájú tí à bá fi mọ èjí ìyá wọn ti já dànù. Àgbọ̀n rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti obìnrin, ṣùgbọ́n eegun òkè ihò ojú yọ gọnbọ bíi ti ọkùnrin. Bùrọ̀dá kò rí báyìí, àwòrán inú ìwé kò sì ní yẹ̀pẹ̀ létí. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ pòrúurùu.

"Eegun òkè ojú yìí," mo ní, "ìwé ní ọkùnrin ló máa ń yọ báyìí."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ìka tì mí níwájú orí. "Èyí ńkọ́? Ṣé ọkùnrin nìwọ náà?"

Àwọn lébìrà rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ kan òkè ojú mi. Òótọ́ ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òjò ò lè rọ̀ sí mi lójú. Òun náà ni wọ́n rí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi tí wọ́n fi ní ìyá ti dé.

"Àbúrò bàbá yín ńkọ́?" mo bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi. "Báwo ni iwájú orí tirẹ̀ ṣe rí?"

"Mi ò rántí mọ́," ó ní. "Ọmọdé lèmi náà."

Ojú bàbá mi kò kúrò lára mi. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, á tún máa wá a kiri. Ẹ̀rù bà mí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

"Bàbá, mi ò mọ̀."

Ó bọ́ agbádá ọrùn rẹ̀, ó fi wé agbárí náà àti àwọn eegun tó kù. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ mìíràn lábẹ́ igi máńgòrò.

"Yeye mi ni mo sin yìí," ó ní. "Bó bá jẹ́ bàbá kékeré ni, kò burú. Òun ni yóò bá mi jíṣẹ́ fún un."

Èmi ló ní kí n tẹ́ ẹ sílẹ̀. Bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà, bàbá mi sì jókòó tì í títí tí sìmẹ́ńtì fi gbẹ.

Nírọ̀lẹ́, mo wà ní ibi ààrò nígbà tí mo gbọ́ tó ń pe ẹnì kan. Ó pè é títí, kò sí ẹni tó dáhùn. Mo ti fẹ́ pariwo pé kí ẹni tí wọ́n ń pè lọ dá bàbá lóhùn, kí n tó rántí pé orúkọ ìsàmì mi ni.

"Ṣé o ò gbọ́ ni?" ó ní nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Bu omi mímu fún mi."

Mo bu omi fún un. Ó dùn mí, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè sọ fún. Títí dọjọ́ tó kú, kò pè mí ní Yeye mọ́.