Hóró Oògùn Tí Ọ̀gá Mi Fẹ́ràn

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni mí, ṣùgbọ́n ìtòsí Efire, létí ọ̀sà, ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé mi lọ nígbà tí mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tán. Ọkùnrin kan ni olórí dìsípẹ́ńsárì ibẹ̀. Kì í ṣe dókítà, àmọ́ gbogbo ìlú ń pè é ní Dókítà, òun náà kò sì rí ìdí tó fi yẹ kí òun dá wọn lẹ́kun.

Oògùn kan wà nínú ìgò tó fẹ́ràn ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Ẹni tí ara ń yún, ẹni tí eruku ń mú sín, hóró kan náà ni. Oògùn náà dára lóòótọ́, ó kàn máa ń kun èèyàn lóorun ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, awakọ̀ kan tó ń kó ẹja yíyan lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó wọlé wá. Ó jẹ edé lálẹ́ àná, gbogbo ara rẹ̀ ti sú, ó ń họra bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù. Ọ̀gá mi ju hóró sí i lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ ni wọ́n ń wà o," mo sọ.

"Ṣé ọkọ̀ ni ara ń yún ni?"

Awakọ̀ ní bísímílà, ó gbé e mì, ó lọ. Kí oòrùn tó mú, ìròyìn ti dé pé lọ́rì wà nínú oko ẹ̀gẹ́, awakọ̀ ń hanrun lórí sítíárì, àwọn ajá abúlé sì ń bá a jẹ ẹja. Kò fara pa.

"Ṣé ó ṣì ń họra?" ni ọ̀gá mi bi ẹni tó mú ìròyìn wá. Wọ́n ní rárá. Inú rẹ̀ dùn.

Síbẹ̀, ó kọ́gbọ́n díẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ojú líle bi gbogbo aláìsàn pé, "Ṣé o ń wa lọ́rì?" Ó bi ìyá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn. Ó tún bi apẹja kan.

"Rárá, sà. Ẹja ni mò ń pa."

Ó fún un ní hóró, ó wá wò mí bí ẹni pé kí n wá kọ́ṣẹ́.

Apẹja sùn lọ nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Omi gbé e lọ, ìyàwó rẹ̀ ń ké kiri èbúté. Abúlé tí kò ti mọ ẹnì kankan ló jí sí, wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀ bóyá ó ti kú. Nígbà tó padà dé, èmi ló wá bá.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi sọ fún Dókítà pé ó kù díẹ̀ kí oògùn yẹn wo gbogbo àìsàn mi tán pátápátá."

Mo jíṣẹ́. Ọ̀gá mi ní lọ́rì lòun bèèrè, òun kò bèèrè ọkọ̀ ojú omi.

Nígbà tó yá, aláṣẹ kan wá láti Ìbàdàn. Ó rí i pé ògiri wa funfun, ìgò wa sì tò dáadáa, wọ́n bá fún ọ̀gá mi ní ìgbéga lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí àwọn tó máa sùn ti pọ̀ dáadáa.

Èmi ni wọ́n fi sílẹ̀. Mo máa ń bi aláìsàn léèrè ohun tó jẹ àti iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, oògùn funfun tí wọ́n ń fi pa ara ni mo máa ń fún un, màá ní kó fi hóró di ìgbà tó bá fẹ́ sùn. Inú wọn kò dùn sí i. Ìyá kan tiẹ̀ sọ ọ́ lójú mi pé nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kì í bèèrè ohun tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ òun.