Ibi Tí Orin Ìyá Heph Ti Wá

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti ń jowú Monísọ́lá Akíntóyè, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Heph, láti ọdún mọ́kànlá. Àwa méjèèjì la jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Union City, ní Amẹ́ríkà níbí. Nọ́ọ̀sì ni mí. Òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi ẹ̀rọ ka àmì ara páálí títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wú. Ohùn rẹ̀ kò tó tèmi. Ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ìjọ mọ̀, nítorí òun ló ni orin.

Ojú oorun ló ní òun ti gba orin náà. Ọ̀sẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kú ní Ìkìrun, tí kò sì lè lọ sin ín nítorí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ohùn kan wà létí òun. Ó fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i, ó kọ́ wa. Láti ìgbà náà, kò sí ìkómọ, kò sí ìsìnkú tí a kì í ti í kọ ọ́. Ìparí rẹ̀ nìkan ló le: ohùn á máa gòkè lọ, á dúró lójijì, á wá já wálẹ̀. Èmi tí mò ń kọ álítò, mi ò kọ ibẹ̀ rí kí n má ṣìnà. Ìyá Heph á ní, "Ẹ má tún un ṣe o. Bí Ẹ̀mí Mímọ́ ṣe fún mi nìyẹn." Màá máa bínú sínú.

Lóṣù tó kọjá, Pásítọ̀ ní kí a gba orin náà sílẹ̀ fún àjọ̀dún ìjọ, kí Ìyá Heph sì kọ́kọ́ jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe fún un. Lọ́sàn-án Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ ìgbohùnsílẹ̀ náà, àwa mẹ́ta wà nínú mọ́tò rẹ̀, à ń bọ̀ láti Snellville níbi tí a ti lọ gba aṣọ akọrin. Hephzibah ọmọ rẹ̀, tó wà ní yunifásítì, ló jókòó sẹ́yìn. Ọmọ yẹn kì í gbọ́ nǹkan mìíràn ju olórin ará Japan kan lọ, obìnrin àgbà kan tó ń hun orin fúnra rẹ̀ láti bí àádọ́ta ọdún, tí tọmọdé tàgbà ìlú rẹ̀ fẹ́ràn. Ó so fóònù rẹ̀ mọ́ rédíò mọ́tò.

"Mummy, Aunty, ẹ gbọ́ this one. It's old, but it's so good."

Dùùrù kọ́kọ́ dún, obìnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Orin wa ni. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́. Òun gan-an ni, èdè ló kàn yàtọ̀. Mo ní bóyá ìparí ò ní bára mu. Ohùn gòkè, ó dúró, ó já wálẹ̀, níbi tí mo ti ń ṣìnà láti ọdún mọ́kànlá. Ìyá Heph yà kúrò lójú títì láì tan iná pé òun fẹ́ yà, ó wọ iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù kan, ó pa mọ́tò.

"Ọdún wo ni wọ́n kọ eléyìí?"

"Like, nineteen seventy-eight. Mummy, what's wrong?"

Mi ò ní tàn yín: ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ẹ̀rín tiẹ̀ fẹ́ pa mí. Mo wá wo ojú rẹ̀. Ojú òpùrọ́ tí àṣírí rẹ̀ tú kọ́ nìyẹn, ẹ̀rù ló kún ibẹ̀.

"Ìyá Praise, mo ti purọ́ mọ́ Ẹ̀mí Mímọ́," ló wí fún mi. "Àbí níbo ni mo ti rí i? Mi ò gbọ́ orin Japan rí."

Mo ní kí ó jẹ́ ká délé ná. Ó ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ibẹ̀ ló ti pe Bọ̀ọ̀dá Bámgbóyè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ìkìrun, ó jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́. Ó kọ orin náà sí wọn létí, ó bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Orin Bàámi nìyẹn. Àwọn òyìnbó Japan tí Bàámi ń wa mọ́tò fún ló fún wọn ní kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń padà sílùú wọn. Àràárọ̀ tí Bàámi bá ń fá irùngbọ̀n ni wọ́n máa ń gbé e sí. O ò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, ìwọ lo sì máa ń bá wọn gbè é, kó tó di pé rédíò jẹ tépù ẹ̀."

Mo mí kanlẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá kò tíì parí.

"Òun náà kọ́ ni Bàámi kọ fún ẹ lórí fóònù nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n kú? Wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, mo gbé fóònù sí wọn lẹ́nu, wọ́n ń fi imú kọ ọ́. Ìwọ lo ní kí n gbà á kúrò."

Mo mọ̀ nípa ìpè yẹn. Ìyá Heph ti ròyìn rẹ̀ fún mi nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣì tutù: ó ní òun gbọ́ tí bàbá òun ń kérora, òun ò lè fara dà á, òun ní kí wọ́n gba fóònù lẹ́nu wọn kí wọ́n lè sinmi.

"Mo rò pé ìrora ni," ló ń wí. "Bọ̀ọ̀dá mi, mo rò pé wọ́n ń kérora ni." Ó wí i títí Bọ̀ọ̀dá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Omi ń bọ́ lójú èmi tí mo ti fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ti wà ní títàn kí Ìyá Heph tó gba máíìkì. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, n kò gba orin yìí lójú oorun. Obìnrin kan ní Japan ló ni ín. Bàbá mi ló kọ ọ́ fún mi kí wọ́n tó kú, mo sì ní kí wọ́n gba fóònù lẹ́nu wọn." Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, ó pa ẹnu dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ ọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ ọ́ lórí fóònù. Lóòótọ́, ẹni tí kò bá mọ̀ á ní inú ló ń run ún. Àwọn ènìyàn ń wo ara wọn. Pásítọ̀ dìde, wọ́n na ọwọ́ láti gba máíìkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo di ọwọ́ Pásítọ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo ní, "ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ tán."